Òkun Kò Di Ásíìdì, Ṣùgbọ́n Ohun Kan Ń Ṣe É

Bí ìròyìn bá ti sọ lórí rédíò pé «òkun ti di ásíìdì», ìbéèrè méjì ló máa ń jáde lẹ́nu àwọn ìyá ẹlẹ́ja ní ọjà Ouando níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ṣé ẹja òkun ṣì ṣeé jẹ? Ṣé ara ọmọ tó bá lọ lúwẹ̀ẹ́ ní etíkun Sèmè kò ní bó? Ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín o. Ásíìdì tí wọ́n mọ̀ ni omi bátìrì, tó ń lu aṣọ, tó sì ń jó ẹran ara.

Ìyípadà tí ìròyìn ń sọ yìí kò sọ ẹja di májèlé, kò sì lè jó ẹnikẹ́ni. Òṣùwọ̀n pH la fi ń mọ bí omi ṣe kan tó, 7 sì ni àárín rẹ̀; ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 7 ni ásíìdì. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan gan-an, nǹkan bí 2 ló wà. Omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú ga ju 7 lọ dáadáa. Kí ilé iṣẹ́ ńláńlá tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó èédú, ojú òkun wà ní nǹkan bí 8.2, ní báyìí, ó wà ní nǹkan bí 8.1.

Ibí yìí làwọn kan ti máa ń pariwo pé irọ́ òyìnbó ni, pé kí ni 0.1 fẹ́ ṣe? Lójú tèmi, èyí burú ju ẹ̀rù àwọn ìyá wa lọ, torí ẹni tó ń bẹ̀rù ṣì ń tẹ́tí. A kì í ka pH bí a ṣe ń ka kílò. Bó bá fi ẹyọ kan lọ sílẹ̀, háídrójìn tó ń mú omi kan ti di ìlọ́po mẹ́wàá. 0.1 péré yẹn ti fi ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ kún un.

Ẹ̀bi ike tàbí ìdọ̀tí kọ́. Afẹ́fẹ́ kábọ́n ni, láti orí èédú ilẹ̀ Ṣáínà títí dé kpayo, epo fàyàwọ́ tí zémì (ọ̀kadà) ń jó ní Àjàṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwa kéré púpọ̀. Òkun ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ mì. Bó bá ti wọ inú omi, á tú háídrójìn sílẹ̀, háídrójìn yìí á sì máa dì mọ́ èròjà kábọ́nétì tí àwọn ẹran oníkarahun fi ń kọ́lé, bí ìgbà tí ẹnì kan ń kó sìmẹ́ǹtì mọ́ bíríkìlà lọ́wọ́. Ní nǹkan bí ọdún 2007, àwọn ọmọ huître, ẹran oníkarahun kan tí wọ́n ń jẹ, kú lọ rẹpẹtẹ níbi tí wọ́n ti ń sìn wọ́n ní Oregon ní Amẹ́ríkà, nígbà tí atẹ́gùn fa omi ìsàlẹ̀ òkun tí kábọ́n kún inú rẹ̀ wá sókè. pH omi yẹn ṣì ju 7 lọ! Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún omi náà ṣe kí wọ́n tó lò ó ni ọmọ tún ń yè.

Àwòrán tún ń ṣi èèyàn lọ́nà. Wọ́n fẹ́ràn láti fi iyùn inú òkun tó ti funfun báláú hàn, bẹ́ẹ̀ ooru ló sábà ń sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ti ìkarahun kékeré tó ń yọ́ fún ọjọ́ 45 gbajúmọ̀ gan-an, àmọ́ wọn kì í sọ pé inú omi tí a pò bí òkun ọdún 2100 yóò ṣe rí ni wọ́n rì í sí. Mo bínú sí i, torí àwọn onímọ̀ ti rí irú ìkarahun bẹ́ẹ̀ tó ń jẹrà nínú òkun gúúsù, nítòsí Antarctica, gan-an. Òtítọ́ tó láti sọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n di ọ̀sà Àjàṣẹ́ mọ́ ọn. Omi ọ̀sà máa ń yí padà bí ìgbà ṣe ń yí: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ òkun á gba Cotonou wọlé, nígbà òjò, odò Ouémé á lé e padà. Bí ẹja bá wọ́n níbẹ̀, ìdọ̀tí ìlú, ewéko tó bo ojú omi àti àwọ̀n olójú wínníwínní ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ìwọ̀nyí wà ní ìkáwọ́ wa.