Bí Ìjà Dókítà àti Ìjọba Ṣe Bí NHS

Ní oṣù kejì ọdún 1948, BMA, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Britain, bi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ léèrè bóyá wọ́n fara mọ́ NHS, ètò ìlera tuntun tí ìjọba fẹ́ dá sílẹ̀ láti máa fi owó orí tọ́jú gbogbo aráàlú, láìgbowó lọ́wọ́ aláìsàn. Ó lé ní 40,000 dókítà tó ní àwọn kò fẹ́. Àwọn tó fẹ́ kò pé 5,000. Oṣù márùn-ún péré ló kù kí ètò náà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń rí bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń fi NHS yangàn lónìí kò ní í mọ̀ pé inú irú ìjà báyìí ni wọ́n bí i sí.

Kó tó di ìgbà yẹn, àpò aláìsàn ló ń sọ bóyá yóò rí dókítà. Lloyd George, mínísítà ètò ìṣúná, gbìyànjú lọ́dún 1911: òṣìṣẹ́ ń san pẹ́ńsì mẹ́rin lọ́sẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ ń san mẹ́ta, ìjọba ń san méjì, dókítà yóò sì tọ́jú òṣìṣẹ́ náà. Òun nìkan ni o. Ìyàwó àti ọmọ kò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́mọ ló ń gbé àìsàn mọ́ra fún ọdún pípẹ́ kí wọ́n má baà fi owó oúnjẹ wá dókítà.

Ṣùgbọ́n ní Tredegar, ìlú kékeré kan ní Wales, àwọn awakùsà èédú àti àwọn tó ń rọ irin ti rí ọ̀nà tiwọn láti 1890. Wọ́n ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú owó iṣẹ́, bí ẹní ń dá àjọ, àfi pé ẹni tí àìsàn bá mú ló ń kó o. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Aneurin Bevan sí. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tó wọ kùsà. Eruku èédú ló ba ẹ̀dọ̀fóró bàbá rẹ̀ jẹ́ tó fi kú ní 1925. Òfin ìgbà yẹn kò ka àìsàn náà mọ́ àìsàn iṣẹ́, nítorí náà ìdílé kò rí kọ́bọ̀ gbà. Bevan wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọsibítù Tredegar. Nígbà tó di mínísítà ètò ìlera ní 1945, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ Labour wọlé ìbò, ohun tí wọ́n ń ṣe nílé ló fẹ́ nà dé gbogbo ilẹ̀ náà.

Ogun Hitler ti la ọ̀nà fún un. Láti 1939 ni ìjọba ti ń darí ọsibítù kí wọ́n lè tọ́jú àwọn tí bọ́ǹbù bá ṣe léṣe, àwọn èèyàn sì rí i pé ó ṣeé ṣe.

Nínú ìjọba Labour fúnra rẹ̀, Herbert Morrison ní kí ọsibítù wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Bevan kọ̀: ìlú tálákà yóò ní ọsibítù tálákà. Nílé aṣòfin, ẹgbẹ́ Conservative dìbò ta ko òfin náà ní 1946. Síbẹ̀ àwọn dókítà ló le jù. Alfred Cox, àgbà ẹgbẹ́ wọn, kọ̀wé pé òfin náà jọ ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ sí irú ìjọba Hitler. Ọ̀rọ̀ burúkú gbáà ni, nígbà tí ojú ọgbẹ́ ogun kò tíì jinná.

Àmọ́ n kò ní í pè wọ́n ní ìkà. Nígbà náà, dókítà ọ̀dọ́ ń yáwó ra àyè iṣẹ́, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti máa tọ́jú àwọn aláìsàn àdúgbò kan, lọ́wọ́ àgbà tó ń fẹ̀yìn tì, títa àyè náà lẹ́yìn ọ̀la ni yóò sì fi jẹun lọ́jọ́ ogbó. Bevan fẹ́ fòpin sí i. Wọ́n tún ń bẹ̀rù pé akọ̀wé ìjọba ni yóò máa sọ bí àwọn yóò ṣe tọ́jú aláìsàn. Bevan ya £66 mílíọ̀nù sọ́tọ̀ fún gbà-má-bínú, ó fi sófin pé wọn kò ní í sọ dókítà àdúgbò di olówó-oṣù ìjọba, ó sì jẹ́ kí àwọn ọ̀gá dókítà ọsibítù máa gba aláìsàn tó bá sanwó lọ́tọ̀. Lójú tèmi, àdéhùn ìkẹyìn yìí ló gba ètò náà là, òun náà ló sì jẹ́ kí olówó ṣì rí ọ̀nà gbà fo àwọn tó tò sórí ìlà.

Ní ọjọ́ 5 oṣù keje 1948, ọsibítù tó lé ní 2,600 di ti ìjọba ní England àti Wales. Àwọn obìnrin tó ti ń fi àìsàn pamọ́ láti ọdún mọ́dún bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Ọmọ Èkó kan wà níbi iṣẹ́ lásìkò náà: Kofoworọlá Àbẹ̀ní Pratt, tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní St Thomas' ní London. Òun ni ọ̀pọ̀ kà sí nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú NHS. Ó padà wálé, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù UCH Ìbàdàn.

Ìjà kò tán. Ní 1951, ogun Korea ń gbówó, ìjọba Labour ní kí aráàlú máa san apá kan owó eyín àtọwọ́dá àti gíláàsì ojú. Bevan kọ̀wé fipò sílẹ̀. Lọ́dún kejì, ìjọba Churchill gbé ṣílè kan lé ìwé oògùn.

Ibi tó dé báyìí kan àwa gan-an. Láti 2015, ẹni tó bá gba físà láti wá gbé Britain ń san owó NHS kó tó wọ̀lú. £200 lọ́dún ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù kejì 2024 ó ti di £1,035 fún àgbàlagbà, owó orí tí wọ́n ń yọ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Lásìkò kòrónà ní 2020, ariwo ta pé nọ́ọ̀sì tó ń fẹ̀mí ara rẹ̀ wewu tún ń sanwó kí wọ́n lè tọ́jú òun náà, ìjọba Boris Johnson sì yọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kúrò. Olùkọ́ tí wọ́n gbà láti Nàìjíríà ṣì ń san tirẹ̀, ti ìyàwó rẹ̀ àti ti ọmọ.