Kírẹ́dítì 180: bí oyè másítà nípa ìṣòwò ṣe ń rìn ní Ìlú Ọba

Ọdún kan péré ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe oyè másítà nípa ìṣòwò ní Ìlú Ọba. Ohun tó máa ń ya ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ti Nàìjíríà lọ lẹ́nu ni bí wákàtí inú kíláàsì ṣe kéré tó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wo ìwé àkókò ẹ̀kọ́ rẹ̀ á rò pé ìsinmi ló pọ̀ jù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Kírẹ́dítì ni wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ náà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 180, wọ́n sì ka kírẹ́dítì kan sí iṣẹ́ wákàtí 10. Bí kọ́ọ̀sì kan bá ní kírẹ́dítì 20, wákàtí 200 ni wọ́n ń retí pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sí i. Ká ní wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fi kọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ 10, 30 péré nìyẹn. 170 tó kù, ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló wà, fún ìwé kíkà, ìmúrasílẹ̀ àti iṣẹ́ kíkọ. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ náà wà, ibẹ̀ náà sì ló ti máa ń le jù fún ẹni tó ń fi òru ṣiṣẹ́ kó lè rówó ilé san.

Ní lẹ́kíṣọ̀, gbogbo kíláàsì á pé jọ, olùkọ́ á la ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ní sẹ́mínà, èèyàn díẹ̀ ló máa ń wà, gbogbo wọn ló sì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n á ti ka ìtàn iléeṣẹ́ kan wá láti ilé: owó tó ń wọlé ń dínkù, ọ̀gá sì gbọ́dọ̀ pinnu. Kí ni kó ṣe? Harvard Business School ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1908, ló sọ ọ̀nà ìkọ́ni yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá dá sí ìjíròrò lè kó ìdajì máàkì kọ́ọ̀sì. Ní Ìlú Ọba, máàkì rẹ̀ kì í sábà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n inú sẹ́mínà ni èèyàn ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rí jiyàn. Ẹni tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé kò gbọ́dọ̀ bá àgbà jiyàn máa ń rí i bí ohun tó ṣòro. Olùkọ́ ibẹ̀ kò kà á sí àfojúdi.

Ìdánwò inú gbọ̀ngàn ṣì wà, pàápàá fún ìṣirò owó, àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ wá láti ilé ló pọ̀ jù: àròkọ, ìjábọ̀ tó ń gba iléeṣẹ́ nímọ̀ràn, iṣẹ́ tí èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún jọ ṣe. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ẹni tó bá gba 50 nínú 100 ti yege, 60 ni Merit, 70 ni Distinction. Máàkì tó kọjá 80 ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó gba 58 kò fìdí rẹmi: ó ṣàlàyé ohun tó kà dáadáa. Ohun tó kù ni pé kó gbé e lé ìwọ̀n. Ibo ni àbá yìí ti bá iléeṣẹ́ náà mu, ibo ni kò ti bá a mu, ẹ̀rí wo ló sì wà? Ẹni tó kàn dá ọ̀rọ̀ olùkọ́ padà fún olùkọ́, bó ti wù kó pé tó, kì í sábà dé 60.

Nọ́ńbà ló sábà máa ń wà lórí iṣẹ́, kì í ṣe orúkọ. Lẹ́yìn tí olùkọ́ bá máàkì tán, olùkọ́ mìíràn á yẹ díẹ̀ wò nínú wọn, olùyẹ̀wò láti yunifásítì mìíràn náà á sì wò wọ́n kí ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí èsì. Ìdí nìyí tí ẹ̀bẹ̀ kò fi ń yí máàkì padà. Turnitin, ètò orí kọ̀ǹpútà kan, ń fi hàn bí ọ̀rọ̀ inú iṣẹ́ ṣe jọ ti ẹlòmíràn tó. Èèyàn ló ń pinnu bóyá olè ni. Ẹni tó bá fìdí rẹmi sábà máa ń láǹfààní láti tún un ṣe, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi, máàkì tuntun náà kò ní kọjá 50.

Kírẹ́dítì 60 tó gbẹ̀yìn, ìdá kan nínú mẹ́ta oyè náà, sábà máa ń jẹ́ ti iṣẹ́ ìwádìí. Ẹni tó bá parí 120 tó ṣáájú, tí kò sì ṣe é, lè gba Postgraduate Diploma, kì í ṣe másítà. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń wá ìbéèrè fúnra rẹ̀. Olùbójútó ń tọ́ ọ sọ́nà ni, kì í bá a kọ ọ́. Bó bá fẹ́ fọ̀rọ̀ wá àwọn èèyàn lẹ́nu wò, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ yunifásítì, kí wọ́n lè rí i pé kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ìbéèrè tó fẹ̀ jù. "Òwò ní Áfíríkà" kò ṣeé dáhùn láàárín oṣù mẹ́ta. Báwo ni àwọn tó ń ta oúnjẹ Nàìjíríà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣe ń pinnu iye tí wọ́n ń ta gààrí? Ìyẹn ṣeé dáhùn: èèyàn lè wọ bọ́ọ̀sì lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù.