Ebi Ń Pa Ẹ̀ṣọ́ Odi: Ààbò Ọ̀nà Ìtọ̀ Nígbà tí Kíndìnrín bá Daṣẹ́ Sílẹ̀ Lójijì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé asẹ́ lásán ni kíndìnrín, tó fi jẹ́ pé bó bá daṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ nìkan ni wọ́n ń bẹ̀rù. Èrò yìí kù díẹ̀ káàtó, nítorí kíndìnrín kan náà ló ń kó ẹ̀ṣọ́ sójú ọ̀nà ìtọ̀.

Ìṣàn ìtọ̀ fúnra rẹ̀ ń gbá kòkòrò tó ń gòkè bọ̀ láti ìta dànù. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá ń tọ̀ tó lítà kan sí méjì lójúmọ́. Bó bá já wálẹ̀ kọjá mílílítà 400, agbára ìṣàn náà ti lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ tó yẹ kí a tẹjú mọ́ ni uromodulin, púrótéènì tó pọ̀ jù nínú ìtọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá. Bakitéríà E. coli ní irun tín-ín-tín lára, irú ṣúgà kan tó wà lára ògiri àpò ìtọ̀ ni orí irun náà sì ń wá láti dì mọ́. Uromodulin gbé irú ṣúgà yẹn sára. Bakitéríà á dì mọ́ ọn bí ẹni pé ó ti kan ògiri, ìtọ̀ á sì gbé àwọn méjèèjì jáde. Ọgbọ́n ńlá ni: a kò pa ọ̀tá, a fún un ní ohun tí yóò dì mú, a sì sìn ín jáde.

Ibi tí ọgbọ́n náà kù sí ni ibùgbé àwọn sẹ́ẹ̀lì inú kíndìnrín tó ń ṣe uromodulin. Iṣẹ́ fífa iyọ̀ tí wọ́n ń ṣe wúwo, bẹ́ẹ̀ ọ́síjìn kò pọ̀ níhà ọ̀dọ̀ wọn. Bí ìgbẹ́ gbuuru, ibà tó le tàbí ẹ̀jẹ̀ dídà níbi ìbímọ bá dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí kíndìnrín kù, wọ́n wà lára àwọn tí ìyà kọ́kọ́ ń jẹ, uromodulin á sì dín kù nínú ìtọ̀. Ará Kétu mọ irú ìtàn yìí: ní ọdún 1886, nígbà tí ogun Dàhòmì ká ìlú mọ́, yàrà àti odi wà níbẹ̀, Akábà Ìdènà, ẹnubodè ìlú náà, sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ebi ń pa àwọn tó ń ṣọ́ wọn.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ṣọ́ ló ń ṣubú. NGAL, púrótéènì mìíràn tó ń gba ìránṣẹ́ tí bakitéríà rán lọ wá irin mú, a máa pọ̀ sí i láàárín wákàtí díẹ̀ tí kíndìnrín bá farapa. Síbẹ̀, ìdọ̀tí tó kún inú ẹ̀jẹ̀ tún ń mú kí ọwọ́ sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, tó ń bá kòkòrò jà, falẹ̀.

Àsìkò yìí gan-an ni wọ́n máa ń ki rọ́bà bọ àpò ìtọ̀, kí wọ́n lè mọ iye tí aláìsàn ń tọ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Rọ́bà yìí wúlò, àmọ́ ó ń la ọ̀nà fún kòkòrò láti ìta wọ inú, lọ́jọ́ tí ẹ̀ṣọ́ kò pọ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí àpò tó ń gba ìtọ̀ náà máa rọ̀ sísàlẹ̀ ju àpò ìtọ̀ aláìsàn lọ, kí ìtọ̀ má baà ṣàn padà, kí wọ́n sì máa béèrè láràárọ̀ bóyá ó ṣì yẹ kí rọ́bà náà wà níbẹ̀.