Omi Inú Àmù: Bí Ẹ̀kọ́ Oníwàádìí Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Kíláàsì

Ẹni tó bá ń gba iwájú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọjá ní Èbúté Mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kó tó rí géètì ni yóò ti máa gbọ́ kíláàsì. Olùkọ́ á pe gbólóhùn kan, bóyá ìtumọ̀ "evaporation", ìyẹn gbígbẹ tí omi ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́, ọgọ́ta ọmọ á gbè é, wọ́n á tún un pè títí yóò fi dún bí orin. Ọ̀nà yìí ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ la ṣe mọ táìmù tébù, kò sì kúrò lórí wa títí dòní. Àmọ́ tí wọ́n bá mú ọmọ kan jáde nínú àwọn tó ń ké "evaporation" yẹn, tí wọ́n bi í pé kí ló dé tí aṣọ tí ìyá rẹ̀ sá sórí okùn fi gbẹ lọ́jọ́ tí oòrùn ò ràn, ó ṣeé ṣe kó tún gbólóhùn ọ̀hún kà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ oníwàádìí to iṣẹ́ yìí lọ́nà mìíràn. Ìbéèrè ló ń ṣíwájú, ohun tí ọmọ fojú ara rẹ̀ rí ló tẹ̀ lé e, orúkọ tí ìwé ń pè é ló kẹ́yìn. Àwọn kan rò pé kí olùkọ́ jókòó ni, kí àwọn ọmọ máa wá ìmọ̀ kiri bí adìẹ tó ń jẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Iṣẹ́ olùkọ́ tún pọ̀ sí i ni, kìkì pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ti parí kí aago tó lù.

Èrò náà kì í ṣe tuntun. John Dewey, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Chicago ní 1896, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń se oúnjẹ, tí wọ́n ń hun aṣọ, tí wọ́n sì ń tibẹ̀ kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní 1961, Jerome Bruner, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tó jẹ́ ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé ohun tí ọmọ bá fúnra rẹ̀ ṣàwárí kì í tètè bọ́ lórí rẹ̀. Ẹnìkan lè ní, ṣebí àwa náà ní àlọ́ apamọ̀. A ní in lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdáhùn àlọ́ apamọ̀ ti wà nílẹ̀ kí apàlọ́ tó lanu, ẹni tí kò bá sì gbọ́ ọ rí kò ní ọ̀nà tó lè fi dán an wò. Ìbéèrè oníwàádìí gbọ́dọ̀ ṣeé dán wò, nínú yàrá yìí, pẹ̀lú nǹkan tó wà nílẹ̀.

Níbí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń kọsẹ̀. "Kí ni omi?" fẹ̀ jù, ọmọ ò mọ ibi tí yóò ti mú un. "Ṣé omi inú àmù tutù?" kéré jù, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ti parí rẹ̀. Ẹ wo èyí: àmù wà nínú yàrá ìyá àgbà, kẹ́ẹ̀gì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n ti pọn omi méjèèjì, kí ló wá mú ti inú àmù tutù ju ti inú kẹ́ẹ̀gì lọ? Ọmọ tí kò ní àmù nílé yóò ti rí i nílé ẹlòmíràn. Èyí tó dára jù níbẹ̀ ni pé ẹnu wọn kò ní kò.

"Nítorí pé amọ̀ ni, inú ilẹ̀ ni wọ́n sì ti wa amọ̀, ilẹ̀ tutù." "Ó nípọn, ooru ò lè wọ inú rẹ̀." "Ọlọ́run ló dá a bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn náà, láti ẹ̀yìn kíláàsì, ohùn kékeré kan: "Àmù máa ń làágùn, mà." Gbogbo rẹ̀ ni olùkọ́ ń kọ sójú pátákó, ó ń kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́ pé ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ojú òun sọ ọ́. Bó bá ti pariwo "ó gbà á!", ìwádìí ti parí nìyẹn, ojú olùkọ́ ni gbogbo kíláàsì yóò máa wò, wọn ò ní wo àmù mọ́.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wà nínú iṣẹ́ yìí, ó sì le ju ọ̀rọ̀ sísọ lọ. Mary Budd Rowe, olùwádìí ará Amẹ́ríkà, gbọ́ ọ̀pọ̀ téèpù tí wọ́n fi gba ohùn kíláàsì sáyẹ́ǹsì sílẹ̀. Ó rí i pé lẹ́yìn ìbéèrè, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1 péré ni olùkọ́ ń dúró kó tó pe ẹlòmíràn tàbí kó dá ara rẹ̀ lóhùn. Nígbà tí àwọn olùkọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 3, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i, àwọn ọmọ fúnra wọn sì ń béèrè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá rò pé ìṣẹ́jú àáyá 3 kò tó nǹkan, kó dúró bẹ́ẹ̀ níwájú ọgọ́ta ojú.

Ọjọ́ kejì ni ìdánwò. Àmù wọ́n, ó sì ń fọ́, nítorí náà ike omi tí wọ́n ti mu tán ni wọ́n ń lò, mẹ́ta fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Omi inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Ti àkọ́kọ́ wà ní ìhòòhò. Èkejì, wọ́n wé aṣọ tútù mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta náà, wọ́n wé aṣọ tútù mọ́ ọn, wọ́n sì tún fi náílọ́ọ̀nù dì í pinpin. Wọ́n tò wọ́n sí kọ́rídọ̀ níbi tí oòrùn ò dé, wọ́n ń fi tẹmọ́mítà wò wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, wọ́n ń kọ iye tí wọ́n rí sínú ìwé.

Ike kẹta yẹn ni ọgbọ́n tó wà nínú gbogbo rẹ̀. Láìsí i, ọmọ tó ní "aṣọ tútù ló mú un tutù" ti borí, kò sì sẹ́ni tó lè já a. Ṣùgbọ́n aṣọ tútù wà lára ike kẹta náà, síbẹ̀ kò tutù tó èkejì. Kí ló yàtọ̀? Náílọ́ọ̀nù ni, kò jẹ́ kí omi rí ibi jáde lọ. Kì í ṣe pé aṣọ tutù ló ṣiṣẹ́. Gbígbẹ tó ń gbẹ ló ṣiṣẹ́. Omi kì í gbẹ lásán, ó nílò ooru, ara ike àti omi inú rẹ̀ ló sì ti ń fa ooru ọ̀hún. Àmù ò nílò aṣọ ní tirẹ̀, nítorí ara amọ̀ ní ihò tíntìntín tí omi ń gbà jáde wá gbẹ. Ìlàágùn tí ọmọ ẹ̀yìn kíláàsì rí nìyẹn.

Ìgbà yìí ni olùkọ́ wá lanu pe "evaporation". Orúkọ náà ti rí nǹkan tó lè lẹ̀ mọ́.

Nǹkan kì í lọ geere bí mo ṣe kọ ọ́ yìí o. Ẹgbẹ́ kan lè gbé tiwọn sí ibi tí oòrùn yóò ti bá a nígbà tó bá di agogo mọ́kànlá, kí ike kejì wọn gbóná ju ti àkọ́kọ́ lọ. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ kò ní pa á rẹ́; yóò kọ ọ́ sójú pátákó pẹ̀lú ti àwọn yòókù, yóò ní, "Kí lẹ rò pé ó ṣẹlẹ̀ níbí?" Àkókò ọdún náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Lóṣù keje, nígbà tí afẹ́fẹ́ Èkó ti mu omi yó, ìyàtọ̀ àárín ike àkọ́kọ́ àti èkejì máa ń kéré. Kí ọyẹ́ dé ná, ẹnu á ya wọn.

Ti àṣà tún wà níbẹ̀. A tọ́ ọmọ wa pé kì í já àgbà lẹ́nu, ìwádìí sì ní kó sọ pé ohun tí òun rí kò bá ti olùkọ́ mu. Kò di dandan kí ìkan pa ìkan. Ọmọ lè kúnlẹ̀ sọ pé, "Ẹ má bínú, mà, tiwa ò rí bẹ́ẹ̀," kó sì gbé ìwé rẹ̀ sókè. Ìbéèrè tí yóò máa wà lẹ́nu olùkọ́ ní gbogbo ìgbà ni "Kí lo rí tó o fi sọ bẹ́ẹ̀?" Ní èdè wo? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀. Ọmọ tí kò ní Gẹ̀ẹ́sì tó yóò gba ohun tí wọ́n bá sọ fún un, torí gbígbà ò ná an ní nǹkan kan. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọdún mẹ́fà kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, ọmọ bíbí Èkó, ṣagbátẹrù rẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ yòókù, Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró bí iṣẹ́ kan. Wọ́n ṣe dáadáa, kò sì dá Gẹ̀ẹ́sì wọn padà sẹ́yìn.

Àwọn tó tako ẹ̀kọ́ oníwàádìí náà ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu. Ní 2006, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Kirschner, Sweller àti Clark, kọ̀wé pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò lè máa wá ọ̀nà láìsí atọ́nà, nítorí ohun tí ọpọlọ lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà kò pọ̀. Ó dára kí olùkọ́ gbọ́ èyí. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwádìí tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ mú ìbéèrè wá, tó sì la ìgbésẹ̀ sílẹ̀. Tó bá yá, yóò mú ìbéèrè nìkan wá, àwọn ọmọ á wá ọ̀nà. Èyí tí ọmọ ti mú ìbéèrè wá fúnra rẹ̀ ló kẹ́yìn pátápátá, kò sì pọn dandan kí kíláàsì karùn-ún débẹ̀ ní táàmù kìíní. Kì í sì í ṣe gbogbo nǹkan la ń wádìí. Kò sẹ́ni tí yóò ṣèwádìí bí wọ́n ṣe ń sípẹ́ẹ̀lì "Wednesday".

Ti ariwo, ti ogójì ìṣẹ́jú tí kì í tó, ti tẹmọ́mítà méjì láàárín ẹgbẹ́ mẹ́wàá, kálukú ń wá ọgbọ́n dá sí i. Àwọn kan ń pín iṣẹ́ kan sí ọjọ́ mẹ́ta. Ibi tí tẹmọ́mítà ò bá sí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì gba ọmọ mẹ́ta lọ́wọ́ wò dípò ẹyọ kan, torí ọwọ́ ń parọ́.

Lápá òsì pátákó, olùkọ́ máa ń fi àyè kékeré kan sílẹ̀ tí kì í pa rẹ́, fún ìbéèrè tí kò tíì rí ìdáhùn. Lẹ́yìn iṣẹ́ àmù yìí, èyí tó sábà máa ń débẹ̀ ni ti fáànù: tí fáànù bá ń mú wa tutù, kí ló dé tí tẹmọ́mítà tó gbẹ ò sọ̀kalẹ̀ níwájú rẹ̀? Iná ò sí. Ẹnìkan ti fa ẹ̀yìn ìwé rẹ̀ ya láti máa fi fẹ́ ẹ, ẹlòmíràn sì ti ń wá aṣọ tútù.