Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tó ń sáré lójú kan: epo kọ́ ló pọ̀ jù

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, ni mo fi ń kọ ọ́. Ní etídò Lọ́kọ́ja níbí, bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tó ti pẹ́ bá ń han gooro, tí awakọ̀ ti dá iná rẹ̀ padà pátápátá síbẹ̀ tí sílóò rẹ̀, eré jẹ́jẹ́ tó yẹ kó máa sá nígbà tí a kò fún un níná, kò wálẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ ó gbọ́ lẹ́nu mẹkáníìkì, lẹ́nu awakọ̀, àti lẹ́nu ẹni tó kàn ń ta búrẹ́dì kọjá: "Epo ló ń mu jù. Ẹ dín in kù." Kẹ́ ẹ tó mọ̀, sukurudiráífà ti wà lára kábúrétọ̀, níbi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀.

Rárá o. Ẹ́ńjìnnì tí epo bá pọ̀ fún kì í sáré. Èéfín ni yóò máa rú, yóò máa wúkọ́, pulọ́ọ̀gì rẹ̀ á rin gbindin, bó bá yá á kú. Ẹni tó bá ti fa ṣóòkù rí lórí ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná kò nílò àlàyé mi. Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀, èyí tí gbogbo awakọ̀ tó ń ná Shintaku ní òdìkejì odò ti fojú ara wọn rí: ẹ yọ rọ́bà epo lára ẹ́ńjìnnì tó wà ní sílóò, kẹ́ ẹ dúró. Kò ní kú lójú ẹsẹ̀. Bí epo tó kù nínú kábúrétọ̀ bá ti ń tán lọ, yóò kọ́kọ́ ké sókè fíìì, bí ẹni pé ẹnìkan fún un níná, kó tó wá dákẹ́. Àìtó epo ló ń mú un ké bẹ́ẹ̀. Ojú wa ń rí i, ẹnu wa ṣì ń sọ nǹkan mìíràn.

Mo fura pé ọ̀dọ̀ jẹnẹrétọ̀ ni ìgbàgbọ́ yìí ti ṣí wá. Àwọn kan lára àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe létí odò, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń pè ní "I better pass my neighbour" ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́. Òótọ́ ni, ọmọ ìyá ni wọ́n: àtèyí àtọ̀hún, à ń po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù wọn ni. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ní gọ́fánọ̀ tó ń ṣọ́ eré rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àtijọ́ kò ní olùṣọ́ kankan ní sílóò. Ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ inú kábúrétọ̀, àsìkò tí pulọ́ọ̀gì ń ṣáná, àti bí epo ṣe tó nínú afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, àwọn ló ń pinnu eré rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá wá rí ihò mìíràn gbà wọlé, epo kò ní tó o mọ́, eré rẹ̀ á gòkè, kò sì sẹ́ni tó máa dá a dúró.

Ibi tó ń bí mi nínú jù ló kù yìí. Mọ́tò ní ibi tí ọ́ìlì rẹ̀ ń gbé, tí a lè fa géèjì wò. Ẹ́ńjìnnì tí à ń wí yìí kò ní. Èyí tí ìwé rẹ̀ bá sọ pé 50 sí 1, ìdajì lítà ọ́ìlì la ó dà sí kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Àpòpọ̀ yẹn ló ń kọ́kọ́ gba inú ikùn ẹ́ńjìnnì kọjá, níbi tí kiráńkì wà, tó ń rin bẹ́ríìnì àti ara písítọ̀nù, kó tó gòkè lọ jóná. Pẹtiróòlù ló ń gbé ọ́ìlì dé ibẹ̀; kò sí ọ̀nà mìíràn tó ń gbà débẹ̀, àfi lára àwọn tó ní táńkì ọ́ìlì tiwọn lọ́tọ̀. Ẹ wá dín pẹtiróòlù kù. Kí lẹ rò pé ẹ dín kù pẹ̀lú rẹ̀?

Mo bi mẹkáníìkì mẹ́ta ní ìbéèrè yìí. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní kí n má da òun lẹ́nu iṣẹ́ dúró. Ẹ̀kẹta rò ó díẹ̀, ó ní, "Alàgbà, a ó kúkú fi ọ́ìlì kún un nínú kẹ́ẹ̀gì ni." Ó jọ ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n àyè tí ọ́ìlì bá gbà, ọwọ́ pẹtiróòlù ló ti gbà á. Ojú ihò kékeré inú kábúrétọ̀ yẹn kò fẹ̀ sí i. Epo tó ń jóná á tún dín kù sí i, ooru á pọ̀ sí i. Àárín odò, níbi tí Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, kì í ṣe ibi téèyàn ń fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì.

Ẹ́ńjìnnì 40, ìyẹn alágbára ẹṣin ogójì, tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ ní bẹ̀rẹ̀ ìwà yìí nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ kan. Wọ́n ti dín epo rẹ̀ kù lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dé. Mo po ọṣẹ díẹ̀ sómi, mo rọ ọ́ sínú ìgò tí wọ́n fi ń fọ́n aṣọ tí wọ́n bá ń lọ̀ ọ́, mo ń fọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ yí ìdí kábúrétọ̀ ká. Bí mo ṣe kan apá ìsàlẹ̀, igbe rẹ̀ rọlẹ̀, ó dúró ní ìwọ̀n ìmí ẹ̀ẹ̀kan, ó tún gbé e. A tú u. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó dí ojú ìsopọ̀ ibẹ̀, páálí bíṣíkíìtì ni ẹnìkan fi sísọ́ọ̀sì gé; àwọ̀ pupa àti ààbọ̀ lẹ́tà kan ṣì hàn lára rẹ̀. Etí rẹ̀ kan ti jẹ. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà.

Mi ò sọ pé afẹ́fẹ́ ni nígbà gbogbo o. Ó lè jẹ́ kébù tó ti há, tí ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ inú kábúrétọ̀ ò fi padé tán. Ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ti fún síkúrúù sílóò sókè láti fi bo àléébù mìíràn. Ọ́ìlì síìlì ìdí kiráńkì lè ti gbẹ, ìyẹn kì í sì í jẹ́ ohun tí omi ọṣẹ ń débẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ́ńjìnnì kò tiẹ̀ ṣe nǹkan kan: inú dírọ́ọ̀mù lẹ ti ń dán an wò, nígbà tó yẹ kó wà lójú odò, nínú jíà, pẹ̀lú ọkọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Síkúrúù kábúrétọ̀ pàápàá kì í ṣe irú kan: òmíràn epo ló ń dí bí ẹ bá fún un wọlé, òmíràn afẹ́fẹ́ ni. Ẹni tí kò mọ èyí tó dì mú, kó fọwọ́ sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pẹtiróòlù ṣe iṣẹ́ omi ọṣẹ yẹn lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Mo ti rí ẹni tó ń ṣe é, ó tún fi sìgá sẹ́nu. Bí sílóò bá sì ga, ẹ má sọ ọ́ sí jíà nígbà tí èrò ṣì ń dúró níwájú ọkọ̀. Eyín jíà á ké gbàù, ọkọ̀ á ta síwájú, ẹni tó gbé agbọ̀n lérí ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sómi.

Ní tèmi, mo ti kó sukurudiráífà kúrò nínú ọkọ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìyẹn ti pọ̀ jù. Ó lè jẹ́ òótọ́ ló sọ.