Kọ́ọ̀dù Mẹ́rin Tí Kì Í Délé: Bí Orin Jàpáànù Ṣe Ń Da Ayọ̀ Pọ̀ Mọ́ Ẹkún Ìdàgbà

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé kíì minor (kíì ni ìdílé ohùn tí orin dúró lé, minor sì ni èyí tó máa ń dún bí ìbànújẹ́) ló ń pa ènìyàn lẹ́kún nínú orin ìdágbére ilé ìwé ní Jàpáànù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí a bá jókòó ti dùùrù tí a wá kíì àwọn orin tí wọ́n ń kọ níbi ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde lóṣù Kẹta, major la ó máa bá nínú ọ̀pọ̀ jù lọ, kíì tí gbogbo ayé mọ̀ sí ti ayọ̀.

Ìtò kọ́ọ̀dù, ìyẹn bí àwọn ohùn mẹ́ta-mẹ́ta tí a ń tẹ̀ papọ̀ ṣe ń tẹ̀lé ara wọn, ni kí a wò. Kọ́ọ̀dù mẹ́rin kan wà tí àwọn olórin ibẹ̀ ń pè ní ōdō shinkō, ìrìn ojú ọ̀nà ọba. Àkọ́kọ́ dúró lórí FA (FA-LA-DO), ìkejì lórí SO (SO-TI-RE), ìkẹta lórí MI (MI-SO-TI), ìkẹrin lórí LA (LA-DO-MI). Bí kíì bá jẹ́ C, àwọn ni F, G, Em àti Am («m» dúró fún minor). DO-MI-SO ni ilé orin, ibi tí etí ti ń sinmi, kò sì sí láàárín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Orin kò bẹ̀rẹ̀ nílé. SO wá ń tì í lọ síbẹ̀, nítorí etí ti mọ̀ pé DO ló máa ń tẹ̀lé SO. Àfi kí MI dé. MI-SO-TI àti ilé jọ ní MI àti SO. TI tó gba ipò DO nìkan ló yàtọ̀, ìdajì ohùn péré ló sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Ó dà bí ẹni tó wọ agbo ilé lóru, tó rí iná lójú fèrèsé, tó gbọ́ ohùn tó jọ ti àwọn ará ilé rẹ̀, tó ti na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn kó tó rí i pé ilé aládùúgbò ni. Ó kan ilẹ̀kùn kejì: LA-DO-MI. Òun náà ní DO àti MI bíi tilé, ṣùgbọ́n minor ni, bíi MI-SO-TI. Ibẹ̀ ni ìbànújẹ́ ti wọlé, bí àlejò. Lẹ́yìn èyí a padà sórí FA, ìrìn tún bẹ̀rẹ̀.

Ọgbọ́n ńlá ni èyí. Ọmọ ọdún 18 tó ń fi ilé ìwé sílẹ̀ kò ṣòfò, ibi tó dára ló ń lọ. Ó kàn ń dùn ún pé kò ní lè padà sẹ́yìn ni. Bí a bá fi minor kọ ọ́ látòkè délẹ̀, irọ́ la pa. Bí a bá jókòó gbọin sórí DO, irọ́ náà ni.

Ṣùgbọ́n ìtò yìí máa ń kú lọ́wọ́ ẹni tó bá lò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Etí tí kò tíì gbọ́ DO kò ní máa retí rẹ̀. Nítorí náà, ẹsẹ àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní A melo, gbọ́dọ̀ fi ilé han etí. B melo, ẹsẹ tó tẹ̀lé e, á gbé orin dìde. Sabi, ègbè orin, á wá fi ilé du olùgbọ́.

Kí ègbè ìkẹyìn tó wọlé, ọ̀pọ̀ máa ń dá ìlù àti gìtá dúró, á ku ohùn kan àti dùùrù. Ochisabi nìyẹn. Kíì á wá fò sókè pẹ̀lú ìdajì ohùn tàbí odidi kan, láti C sí D, kò sì ní sábà padà mọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ọ̀fun ló ń làágùn. Ẹni tó ti gbé ègbè àkọ́kọ́ dé òkè ọ̀fun ti ba ibí yìí jẹ́, nítorí igbe ni yóò kù. Nínú orin tí àwọn ọmọ ọdún 12 sí 15 ń kọ, ìṣòro rẹ̀ tún le sí i: ohùn àwọn ọmọkùnrin ń fọ́ lọ́wọ́. Wọ́n sábà máa ń pín irú orin bẹ́ẹ̀ sí soprano (ohùn òkè àwọn ọmọbìnrin), alto (ohùn ìsàlẹ̀ wọn) àti apá kan ṣoṣo fún gbogbo ọmọkùnrin, apá yẹn kò sì gbọdọ̀ ga jù tàbí kó lọ sílẹ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ orin ló ṣì ń ṣe ọ̀lẹ. Òdòdó sakura ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ọdún ẹ̀kọ́ ń parí lóṣù Kẹta, òmíràn ń bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹrin. Ní Tókíò, ìparí oṣù Kẹta ni sakura sábà máa ń là, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé ti ṣe ìdágbére tán. Ní Hokkaido, erékùṣù tó wà ní àríwá Jàpáànù, ó di ìparí oṣù Kẹrin tàbí oṣù Karùn-ún. Òdòdó tí wọ́n ní ó ń já lé ọmọ tó ń jáde lórí kò tíì là. Orin tí kò dárúkọ ayẹyẹ kankan máa ń lágbára jù: ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ wọn ni Remioromen, ẹgbẹ́ olórin Jàpáànù kan, kọ «3-gatsu 9-ka» (Ọjọ́ Kẹsàn-án Oṣù Kẹta) fún, ó jáde ní 2004, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sì sọ ọ́ di orin ìdágbére tiwọn.