Ìfẹ́ kọ́ ló lé wọn sójú títì

Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan àwọn fíìmù Amẹ́ríkà tí ọkùnrin kan àti obìnrin kan ti ń sá kiri nínú mọ́tò, tí ọlọ́pàá ń lé wọn, ohun méjì làwọn èèyàn máa ń sọ bí ẹni ka Ìwé Mímọ́. Wọ́n á ní ìfẹ́ ló kó bá àwọn méjèèjì. Wọ́n á tún ní Bonnie and Clyde ni ìyá gbogbo wọn, pé àwọn tó kù kàn ń dà á kọ ni.

Tìkejì yìí kò gba àríyànjiyàn, irọ́ ni. Ọdún 1967 ni Arthur Penn gbé Bonnie and Clyde jáde. Fritz Lang ti ṣe You Only Live Once lọ́dún 1937. They Live by Night ti Nicholas Ray dé sinimá Amẹ́ríkà lọ́dún 1949, Gun Crazy ti Joseph H. Lewis sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1950. Àbúrò kì í bí ẹ̀gbọ́n.

Ti ìfẹ́ yẹn ló gba sùúrù.

Ẹ wo Eddie nínú fíìmù Lang, tí Henry Fonda ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti ṣẹ̀wọ̀n. Ó jáde, ó gbé Jo níyàwó, ó ní òun ti jáwọ́. Àwọn tó ni òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n sùn lẹ́yìn ìgbéyàwó dá ojú rẹ̀ mọ̀, wọ́n lé wọn jáde. Ọ̀gá tó ń wa ọkọ̀ ẹrù fún dá a dúró nítorí pé ó pẹ́ẹ́ dé. Nígbà tí àwọn kan wá ja báǹkì lólè, tí ẹ̀mí ṣòfò, fìlà rẹ̀ tí wọ́n rí níbẹ̀ ni wọ́n gbá mú. Ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún un lórí ohun tí kò ṣe. Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ pa á gan-an ni ìròyìn dé pé kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀, àmọ́ ibọn ti wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́, ó sì yìnbọn pa àlùfáà tó ń sọ òótọ́ fún un. Ìgbà yẹn ni Jo fi ilé àti iṣẹ́ sílẹ̀ tó bá a sá lọ. Mo gbà pé ìfẹ́ gbé Jo sójú títì. Kì í ṣe ìfẹ́ ló gbé Eddie débẹ̀.

Bowie inú They Live by Night ńkọ́? Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n. Òun àti adigunjalè méjì tó dàgbà jù ú lọ ti fọ́ ẹ̀wọ̀n jáde kó tó fojú kan Keechie rárá. Owó lọ́yà tó máa bá a tún ẹjọ́ ẹ̀ gbé yẹ̀ wò ló ń torí ẹ̀ jalè. Keechie ni ohun kan ṣoṣo nínú fíìmù náà tó fẹ́ kó dúró sójú kan.

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, Gun Crazy ni kó mú wá. Níbẹ̀, Laurie sọ fún Bart ọkọ rẹ̀ pé bí kò bá ní bá òun jalè, òun ń lọ nìyẹn, Bart sì gbà. Ó jọ pé ìfẹ́ jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni Bart ti fọ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù nítorí ibọn, ibi eré ìbọn yíyìn ló sì ti pàdé Laurie. Ibọn ni wọ́n fi mọra. Ẹ wo ìgbà tí wọ́n ja báǹkì ìlú Hampton: ẹ̀yìn mọ́tò ni kámẹ́rà jókòó sí, kò já rárá láti ìgbà tí wọ́n ti ń wá ibi tí wọ́n máa páàkì sí títí wọ́n fi sá kúrò nílùú. A kò rí inú báǹkì. Laurie la ń wò, tó bọ́ sílẹ̀ lọ bá ọlọ́pàá tàkúrọ̀sọ kó má baà fura. Nígbà tí wọ́n ń sá lọ, tó bojú wẹ̀yìn, ayọ̀ ojú ẹ̀ ju ti ìyàwó ojú ọ̀nà lọ. Kì í sì í ṣe Bart ló ń wò.

Ká wá padà sọ́dọ̀ Bonnie àti Clyde gidi, àwọn adigunjalè tí fíìmù náà ń sọ ìtàn wọn, torí fíìmù 1967 yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́ jù. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké àti ilé epo ni wọ́n jà jù, báǹkì kọ́. Lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Eastham ní Texas, Clyde ní kí wọ́n fi àáké gé ọmọìka ẹsẹ̀ òun méjì kóun lè bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ oko. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, ní 1932, wọ́n dá a sílẹ̀, torí ìyá ẹ̀ ti ń bá a bẹ̀bẹ̀. Fíìmù náà mẹ́nu kan ọmọìka ẹsẹ̀ yìí bí ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀, ó sì kọjá. Kò sọ pé ní January 1934 Clyde padà lọ sí Eastham yẹn láti tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀, pé wọ́n pa wọ́dà kan níbẹ̀, pé ikú wọ́dà yẹn ló mú kí ọ̀gá ẹ̀wọ̀n Texas gba Frank Hamer, ọlọ́pàá Texas tẹ́lẹ̀, síṣẹ́ láti lépa wọn. Ní May 23, 1934, ní Louisiana, ní òwúrọ̀, Hamer àti ọkùnrin márùn-ún da ìbọn bo mọ́tò wọn. Ọjọ́ tí Hamer máa kọ́kọ́ bá wọn fojú kojú nìyẹn. Èyí tí fíìmù fi hàn pé wọ́n ti mú un rí, wọ́n sì fi ṣẹ̀sín, irọ́ ni. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ pe ilé iṣẹ́ fíìmù náà lẹ́jọ́. Ẹsẹ̀ Bonnie tó jóná nínú ìjàǹbá mọ́tò ní 1933, débi pé Clyde a máa gbé e nígbà mìíràn, kò sí nínú fíìmù. Òrùka ìgbéyàwó tó wà lọ́wọ́ Bonnie nígbà tó kú kì í sì í ṣe ti Clyde, ti Roy Thornton ni, ọkọ tó fẹ́ kó tó pé ọmọ ọdún 16.

Àwọn kan á ní, ṣebí wọ́n máa ń kú pọ̀ ní ìgbẹ̀yìn? Láti 1934 títí di 1968, Hollywood ní ìwé òfin tirẹ̀ pé ọ̀daràn kò gbọ́dọ̀ mú un jẹ. Òfin ló ń pa wọ́n. Lẹ́yìn tí òfin kúrò ńlẹ̀, Badlands dé ní 1973. Terrence Malick fà á yọ díẹ̀ lára ọ̀rọ̀ Charles Starkweather, ọmọ ọdún 19, àti Caril Ann Fugate, ọmọ ọdún 14, ní Nebraska lọ́dún 1958. Nínú fíìmù náà, Kit, ọkùnrin rẹ̀, ń pààyàn kiri. Holly, ọ̀rẹ́bìnrin Kit, ń ròyìn ẹ̀ bí ọmọ tó ń ka àròkọ síwájú tíṣà. Nígbà tó sú u, ó ní òun kò lọ mọ́. Wọ́n pa Kit. Holly fẹ́ ọmọ lọ́yà tó gba ẹjọ́ ẹ̀ rò.

Èyí tó wá fọ́ ọ̀rọ̀ náà pátá lójú tèmi ni Queen & Slim ti Melina Matsoukas, 2019. Dúdú ni àwọn méjèèjì, ní Ohio. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ jáde jẹun nìyẹn, kò sì dùn. Ó hàn pé obìnrin náà kò fẹ́ rí ọkùnrin yìí mọ́. Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, ọlọ́pàá funfun dá wọn dúró, ó yìnbọn bá ẹsẹ̀ obìnrin náà, ọkùnrin náà jà gba ibọn, ọlọ́pàá kú. Wọ́n forí lé ọ̀nà Cuba láìsí ìfẹ́ kankan láàárín wọn. Ojú ọ̀nà ni ìfẹ́ ti bá wọn. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ẹbí obìnrin náà ní New Orleans, ó pè wọ́n ní Bonnie àti Clyde aláwọ̀ dúdú, bí gbogbo ayé ṣe máa pè wọ́n. Orúkọ wọn gan-an, àwa òǹwòran kò gbọ́ ọ títí wọ́n fi kú, tí oníròyìn pè é lórí tẹlifíṣọ̀n.